Ife Kì í Ṣe Kílò: Bí A Ṣe Ń Yí Ìwọ̀n Oúnjẹ Láti Ife sí Gíráàmù

Oníbàárà kan ní kí n bá òun ṣe kéèkì ìsọmọlórúkọ. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo sì ń kánjú kó tó tún lọ. Mo ké sí ọmọ iṣẹ́ mi pé kó wọn ìyẹ̀fun 250 gíráàmù wá fún mi. Kò pẹ́ rárá tó fi padà dé.

"Tàǹtí, òun rèé."

Kò tilẹ̀ dé ìdí òṣùwọ̀n. Jọ́ọ̀gì oníke tí wọ́n fa ìlà sí lára ló mú, ó da ìyẹ̀fun sínú rẹ̀ títí ó fi kan ìlà 250, ó gbé e wá. Èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dà á sórí ẹyin àti ṣúgà tí mo ti pò, ohun tó wà nínú abọ́ sì ń ṣàn bí ògì tí wọ́n bu omi lù. Mo ní bóyá ẹyin ọjọ́ náà ló tóbi jù. Mo gbé e sínú ààrò bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ wú, inú mi dùn. Kò pẹ́, àárín rẹ̀ jìn wọlé bí ẹni pé ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí. Ilé wa la ti jẹ ìyẹn. Ti oníbàárà, òru ni mo tún òmíràn ṣe.

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ìlà ara jọ́ọ̀gì yẹn, mílílítà ló ń kà, àyè tí nǹkan gbà sì ni mílílítà. Gíráàmù ni ti bí nǹkan ṣe wúwo tó. Omi tó kan ìlà 250 á wọn 250 gíráàmù lóòótọ́. Ìyẹ̀fun tó kan ìlà kan náà kò ju nǹkan bíi 130 lọ. Ìdajì ìyẹ̀fun ni mo fi po odidi ẹyin àti odidi ṣúgà.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo jókòó kọ́ ọ, èmi àti òun, bí a sì ṣe kọ́ ọ ni mo kọ sílẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ń dáná ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀), ìwọ̀n mẹ́ta ló ń bá a fà á. Ìwé oúnjẹ Faransé á sọ gíráàmù, á sọ cl (sẹ̀ǹtílítà). Fídíò tó ti Èkó tàbí Amẹ́ríkà wá á sọ ife. Bí a bá sì dé ọjà Wàǹdó, tongolo, abọ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà, la ó bá níbẹ̀.

Omi ni afárá

Kílò àti lítà, ìbejì ni wọ́n. Nígbà tí àwọn Faransé ṣòfin ìwọ̀n wọn ní 1795, omi ni wọ́n fi so àwọn méjèèjì pọ̀: gíráàmù kan ni ìwúwo omi tó bá kún àpótí kékeré tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, 2019, àwọn onímọ̀ fún kílò ní ìtumọ̀ tuntun tí kò bá omi tan mọ́. Nínú ilé ìdáná, kò sí ohun tó yí padà. Lítà omi kan, kílò kan ni, bí ooru wa yìí tilẹ̀ ń mú kó dín ní nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún. Kéèkì kò mọ ìyẹn.

Omi nìkan ló ní àǹfààní yìí, wàrà olómi sì sún mọ́ ọn. Ohun yòókù, kálukú ló ní ìwúwo tirẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ mi lè gbà, mo da oyin kún ife kan, mo da ìyẹ̀fun kún ìkejì rẹ̀, mo gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lé e lọ́wọ́ òsì. Ojú rẹ̀ là. Ife oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife ìyẹ̀fun lọ́nà mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ pọ̀ láàárín ìyẹ̀fun, oyin kò gba afẹ́fẹ́ láyè.

Nítorí náà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń sọ ife di gíráàmù. Ẹni tó bá bi yín pé "ife kan jẹ́ gíráàmù mélòó?", ẹ bi í padà pé ife kí ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí ife yín ṣe tóbi tó

Ife tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ, nǹkan bíi 240 mílílítà ni. Ti Ọsirélíà jẹ́ 250. Ife tó bá ìkòkò ìrẹsì oníná wá, 180 péré. Èyí tí ẹ fi ń mu omi nílé ńkọ́? Àfi kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ ra ìgò omi 50 cl tí wọn ò tíì ṣí. Cl kan, mílílítà mẹ́wàá ni, nítorí náà 500 mílílítà ló wà nínú ìgò yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró lọ́kàn yín, nítorí ìwé oúnjẹ Faransé fẹ́ràn cl púpọ̀. Mo mọ ẹni tó rí "wàrà 25 cl" tó sì bu mílílítà 25. Ìyẹn ò tó ṣíbí ìjẹun méjì.

Ẹ gbé ife sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ da omi ìgò sí i títí á fi kún dé ẹnu, ẹ yí i dànù sínú abọ́, ẹ tún da ìkejì. Bí ìgò bá gbẹ gẹ́lẹ́ bí ife kejì ṣe kún, 250 ni ife yín. Bí omi bá ṣẹ́ kù sínú ìgò, tó tó ṣíbí ìjẹun kan àti díẹ̀, 240 ni. Bó bá jẹ́ ife méjì àbọ̀, 200 ni. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife mẹ́ta, irú ife ìkòkò ìrẹsì lẹ mú dání yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ìdí ife kí ó má bàa sọnù. Omi inú ọ̀rá, èmi ò fọkàn tán an fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀rá kan máa ń kún ju èkejì lọ.

Ṣíbí náà ní tirẹ̀. Ṣíbí ìjẹun tí ìwé ń sọ jẹ́ 15 mílílítà, ṣíbí tíì jẹ́ 5. Ní Ọsirélíà, ṣíbí ìjẹun wọn tó 20, ẹ kíyè sí i bí ibẹ̀ bá ni oúnjẹ náà ti wá. Nínú ìwé Faransé, "c. à s." ni ṣíbí ńlá, "c. à c." ni kékeré, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ṣíbí inú ilé kì í sábà bá ti ìwé mu. Ẹ fi ṣíbí yín bu omi sínú ife 240: bí ṣíbí 16 bá kún un, ó pé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: kéèkì yógọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọ Faransé ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Yógọ́ọ̀tì ike kan, ṣúgà ike méjì, ìyẹ̀fun ike mẹ́ta, òróró ìdajì ike, ẹyin mẹ́ta. Ike yógọ́ọ̀tì kan náà lẹ fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ohun èlò kan ṣoṣo ló ń wọn ohun gbogbo, bó bá tóbi díẹ̀ tàbí tó kéré díẹ̀, gbogbo wọn á jọ tóbi, á jọ kéré. Ìgbà tí a bá ń da ife tiwa pọ̀ mọ́ gíráàmù ẹlòmíràn ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dán òṣùwọ̀n yín wò

Òṣùwọ̀n tí àwa níbí ń pè ní báláǹsì, èyí tó ń lo bátìrì, kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ gbé abọ́ òfìfo lé e, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo, kí ẹ tó da nǹkan sínú abọ́. Ẹni tó bá gbàgbé bọ́tìnì yẹn á wọn abọ́ mọ́ ìyẹ̀fun.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ, ẹ gbé ìgò omi lítà kan àbọ̀ tí wọn ò tíì ṣí lé e. Ó yẹ kó ka 1,500 àti díẹ̀ lé, nítorí ike ìgò àti ọmọrí rẹ̀ náà ní ìwúwo. Bó bá ka 1,400, tàbí tó ń lọ sókè sódò láìdúró, ẹ pààrọ̀ bátìrì ná, kí ẹ tún un wò. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó wà, kì í ṣe orí aṣọ tábìlì tó ká jọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí a ṣe ń bù ú

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, kódà àwọn tí ife wọn pé. Bí ẹ bá ti ife bọ inú àpò ìyẹ̀fun tí ẹ sì gbá a wọlé, ìyẹ̀fun á ki mọ́ra, ife 240 yẹn á wọn 140 tàbí 150 gíráàmù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ṣíbí tú ìyẹ̀fun, tí ẹ rọra ń bù ú sínú ife títí ó fi ga ju ẹnu lọ, tí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba, 120 sí 125 ni. Ife kan náà, ìyẹ̀fun kan náà, ọwọ́ ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ife mẹ́ta, ẹ ti fi bíi 75 gíráàmù lé e láìmọ̀, ẹ ó sì máa wí pé fídíò yẹn ń tan ni jẹ.

Ẹ má gbọn ife. Ẹ má gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn à ń gbá yìí, ó ní ó máa ń jẹ́ kó tẹ́jú. Ó ń tẹ́jú lóòótọ́, ó sì ń ki.

Ṣúgà oníhóró kò ní wàhálà, ẹ rẹ́ ẹ lórí, ó tán. Ṣúgà pupa tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n máa ń ní kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ife. Bí ìwé bá ní kí ẹ jọ ìyẹ̀fun, ẹ kà á dáadáa bóyá kí ẹ jọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n ni tàbí kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú asẹ́ bọ́ fúyẹ́ gan-an. Ẹni tó ń lo báláǹsì kò ní ìṣòro yìí: 250 gíráàmù, bí a jọ̀ ọ́, bí a ò jọ̀ ọ́, 250 náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìṣirò

Àwọn nọ́ńbà yìí jẹ́ ti ife 240 mílílítà tí a rẹ́ lórí:

Ìyẹ̀fun àlìkámà: gíráàmù 120 sí 125
Ṣúgà oníhóró: 200
Ṣúgà pupa tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀: bíi 215
Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú: 115 sí 120
Kòkó lẹ́búlẹ́bú: bíi 85
Bọ́tà: 227
Òróró: 220
Wàrà olómi: 245
Oyin: 340
Ìrẹsì tí a kò tíì sè: 185 sí 200

Láti ife lọ sí gíráàmù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀. Fídíò ní ìyẹ̀fun ife méjì àbọ̀, ṣúgà ife kan àbọ̀, òróró ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife. Ìyẹ̀fun: 2.5 lọ́nà 120, ó jẹ́ 300. Ṣúgà: 1.5 lọ́nà 200, òun náà 300. Òróró: 165. Ẹ ò rí i pé ìyẹ̀fun àti ṣúgà inú kéèkì yẹn wúwo bákan náà? Lójú, ìyẹ̀fun ló pọ̀.

Láti gíráàmù padà sí ife, ẹ pín in. Ìwé Faransé ní ṣúgà 350 gíráàmù, báláǹsì kò sì sí: 350 pín sí 200, ó jẹ́ ife kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyẹ̀fun 400 pín sí 120, ife mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bí ife yín kì í bá ṣe 240, ẹ fi iye mílílítà rẹ̀ sọ nọ́ńbà mi di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí 240. Ṣúgà nínú ife ìkòkò ìrẹsì: 200 lọ́nà 180, pín sí 240, ó jẹ́ 150.

Wọ́n tún máa ń kọ "oz" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Méjì ni oz. Ti ìwúwo jẹ́ gíráàmù 28 àti díẹ̀, ti olómi, tí wọ́n ń kọ "fl oz", sì jẹ́ nǹkan bíi 30 mílílítà ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá rí "8 oz" níwájú ìyẹ̀fun, ìwúwo ni wọ́n sábà ń sọ, 227 gíráàmù. Ẹni tó bá rò pé ife kan ni, 120 ló máa fi sí i. Ìjàǹbá jọ́ọ̀gì mi náà tún nìyẹn, ó kàn wọ aṣọ mìíràn.

Nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí á gbé yín dé ibi tó dáa. Síbẹ̀, ìyẹ̀fun tí ẹ ń rà àti ọwọ́ tí ẹ fi ń bù ú, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ bu ife kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dà á padà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Tèmi já sí 128. 128 náà ni mo ń lò, kò kàn mí ohun tí tábìlì ẹlòmíràn bá wí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí kò bá sí báláǹsì rárá

Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń ti Aguégués bọ̀ á ti rí i. Ọkọ̀ òfìfo máa ń léfòó fẹ́ẹ́. Bí ẹrù ṣe ń wọ inú rẹ̀ ló ń rì sísàlẹ̀. Ẹni tó ń tù ú kan máa wo ibi tí omi dé lára igi ọkọ̀, á sì sọ pé ó tó, ẹ má kó òmíràn sí i. Ọgbọ́n yẹn gan-an la ó gbé wọ ilé ìdáná. Archimedes ará Gíríìkì ti là á yé wa láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún: ohun tó bá léfòó á ti omi tó wúwo bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́ kúrò láyè.

Ẹ pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀. Ẹ wá ike bọ́tà òfìfo, irú èyí tó gba kílò kan, tí ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé e sórí omi, ẹ wá da omi 250 mílílítà sínú rẹ̀, ìyẹn ìdajì ìgò 50 cl. Ike á rì díẹ̀, á sì dúró. Ẹ jẹ́ kí omi báàkẹ́ẹ̀tì rọlẹ̀, ẹ wo ibi tó dé lára ike níta, ẹ sàmì sí i. Pẹ́ẹ̀nì kì í mú lára ike tútù. Orí ìṣó ni mo fi ha tèmi. Ẹ da omi dé 500, kí ẹ ha ìlà kejì.

Ó tán. Ẹ nu ike náà gbẹ, ẹ gbé e padà sórí omi, kí ẹ máa fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun sí i títí omi ìta á fi kan ìlà kìíní. Gíráàmù 250 nìyẹn. Ì báà jẹ́ ìyẹ̀fun, ì báà jẹ́ gàrí tàbí ẹ̀wà, ìlà kan náà ni, nítorí omi kò bìkítà irú ẹrù tó wà nínú ọkọ̀. Ìwúwo rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ẹ tẹ́ ẹrù náà ká gbogbo inú ike. Bó bá pọ̀ lápá kan, ike á tẹ̀, ìlà á sì parọ́. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ẹ̀gbẹ́ báàkẹ́ẹ̀tì. Ike tó bá fẹ̀ jù kì í rì tó, ìlà 250 àti ìlà 500 á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó bá tín-ín-rín jù á dojú dé. Bí ẹ bá farabalẹ̀, ó lè fi gíráàmù 10 tàbí 15 yàtọ̀ sí báláǹsì. Fún búrẹ́dì àti kéèkì ilé, ó tó. Fún nǹkan tí kò ju 50 gíráàmù lọ, kò tó, ẹ má tan ara yín.

Bọ́tà àti òrí tiẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọn kò nílò ọkọ̀. Ẹ da omi tútù dé ìlà 300 nínú jọ́ọ̀gì, kí ẹ ju ègé bọ́tà sí i. Ó ń léfòó. Ìlà tí omi bá gùn dé, ẹ yọ 300 kúrò: gíráàmù bọ́tà yín nìyẹn. Bó dé 410, bọ́tà náà jẹ́ 110. Ẹ má fi ìka tì í wọnú omi o. Bí ẹ bá tì í, àyè tó gbà lẹ ń kà yẹn, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀ mọ́, a sì ti padà sí mílílítà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nǹkan kéékèèké

Fún iyọ̀ àti ohun tó ń mú nǹkan wú, èmi fara mọ́ ṣíbí ju báláǹsì lọ. Báláǹsì ilé ìdáná kì í mọ ìyàtọ̀ gíráàmù méjì sí mẹ́ta dáadáa. Ṣíbí tíì iyọ̀ kíkúnná tí a rẹ́ lórí jẹ́ bíi gíráàmù 6. Iyọ̀ oníhóró ńlá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ṣíbí kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ṣíbí yín, ẹ bu mẹ́wàá sórí báláǹsì, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá.

Màmá mi ní Kétu kì í wọn iyọ̀ àkàrà. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Mo gbé báláǹsì mi lọ sílé lọ́jọ́ kan, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi bu iyọ̀ yín sórí èyí." Wọ́n wò mí bí ẹni tó ti ya wèrè, wọ́n bù ú. 11. Mo nù ún kúrò, mo ní kí wọ́n tún un bù. 12. Ìkẹta, 11. Mi ò tún bá wọn sọ̀rọ̀ ṣíbí mọ́.

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ń da àwọn ènìyàn wa láàmú: "levure". Èyí tí wọ́n ń pè ní "levure chimique" ni páúdà tó ń mú kéèkì wú, "levure de boulanger" sì ni ìwúkàrà búrẹ́dì. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí ìwé Faransé bá ní "sachet" kan ti "levure chimique", gíráàmù 11 ni, ìyẹn bíi ṣíbí tíì méjì àbọ̀. Ìwúkàrà gbígbẹ, ṣíbí tíì kan jẹ́ bíi gíráàmù mẹ́ta.

Ẹyin ńlá kan láìsí èèpo rẹ̀ jẹ́ bíi 50 gíráàmù. Àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ àti ata kò ní ife, ojú ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n.

Ìgbésẹ̀ keje: Tongolo

"Ìyá, ẹ kú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú tongolo yín."

"Kí lo fẹ́ wò nínú rẹ̀, ọmọ mi?"

"Bó ṣe jìn tó ni, Ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na abọ́ náà sí mi. "Wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n èènì tí mo máa ń fi sí i, ṣé báláǹsì rẹ náà á fún ọ?"

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Tongolo ni a fi ń ra gàrí, àgbàdo àti ẹ̀wà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sọ iye gíráàmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ọjà. Tongolo kan lè jìn ju èkejì lọ. Ọlọ́jà kan á rẹ́ ẹ, òmíràn á kó o jọ ṣóńṣó, á tún fi ọwọ́ òsì yí ẹnu rẹ̀ ká kí ó lè gbà sí i. Gàrí tó kúnná á wúwo ju èyí tó rí gbágungbàgun lọ nínú abọ́ kan náà. Ẹ̀yin tó bá ti Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlárá wọlé, ẹ má rò pé kọ́ńgò yín ni tongolo.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ra tongolo kan lọ́dọ̀ ọlọ́jà méjì, èènì àti gbogbo rẹ̀, mo sì ń wọn wọ́n nílé. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 400 fàráǹkì, ó sì wọn 800 gíráàmù. Ti èkejì jẹ́ 450, ó sì wọn kílò kan. Owó pín sí gíráàmù, lọ́nà 1,000: ti àkọ́kọ́ já sí 500 fàráǹkì fún kílò, èyí tó dà bí ẹni wọ́n jẹ́ 450 péré. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yan oníbàárà mi, ìyẹn ọlọ́jà tí màá máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé bá wá ní ẹ̀wà 600 gíráàmù, tí tongolo ẹ̀wà ọ̀dọ̀ oníbàárà mi sì ń wọn 900, mo mọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta tongolo ni, mi ò sì ní máa ra àṣẹ́kù fún kòkòrò.

Káàdì

Gbogbo nọ́ńbà yín, ẹ kọ wọ́n sórí páálí kan: ife yín, ìyẹ̀fun yín, ṣúgà, òróró, tongolo ọlọ́jà yín. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí epo má bàa jẹ ẹ́. Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi bíírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé jọ́ọ̀gì kì í ṣe báláǹsì, èmi kọ́ ni mo rán an.

Ẹ máa tún un wọ̀n bí àsìkò bá yí padà. Nígbà òjò, gàrí àti ìyẹ̀fun máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ohun tó wà nínú ife kò ní rí bákan náà. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, epo pupa á dì nínú ìgò, ife kò sì ní lè wọ̀n ọ́n dáadáa nítorí ihò tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná títí epo á fi yọ́, kí ẹ tó fi ife wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní báláǹsì lè gé e ní dídì bẹ́ẹ̀.